Iná Yẹ́lò Tí Kò Fẹ́ Kú

Àwọn ọ̀dọ́ Inísà tí wọ́n máa ń wá bá mi jókòó níwájú ilé a máa bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ iná dára láti kọ́?" N óò wo ojú wọn. Iṣẹ́ iná ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, síbẹ̀ bí mo bá jókòó tí mo ń rò ó, ohun tí kò yé mi nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó yé mi lọ. Ẹni tó bá ń wá àgbà tó mọ̀ ọ́n tán, kó kọjá sílé kejì. Ráfíù Àkànní lorúkọ mi. Mo gun àkàbà títí orúnkún mi fi ní òun kò gùn mọ́, mo sì ti sinmi báyìí. Ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ, kí olúkúlùkù fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un.

Ní ti bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ń wọlé, kò sí ìtàn níbẹ̀. Bàbá mi mú mi láti Inísà lọ sí Ìkìrun, ó fà mí lé Ọ̀gá Jímọ̀ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ṣe àdúrà, wọ́n pín obì, ó parí. Owó iṣẹ́ náà kò sọ mí di olówó, kò sì jẹ́ kí n ṣagbe. Àwọn ọmọ mi kàwé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Jímọ̀ọ́ gan-an ló yẹ ká sọ. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kì í pariwo, kì í na ọmọṣẹ́. Ohun tó ń ṣe fún wa burú ju nínà lọ: kì í dáhùn ìbéèrè. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, ẹni tó bá béèrè ló ń ṣìnà jù.

"Ọ̀gá, èwo ni iná wà nínú rẹ̀ nínú wáyà méjèèjì yìí?"

"Ìwọ ńkọ́, èwo lo rò?"

"Ó dà bí ẹni pé èyí ni, sà."

"Ó dà bí ẹni pé! Bí iná bá gbá ọ, ṣé 'ó dà bí ẹni pé' ni n óò lọ sọ fún ìyá ẹ? Lọ jókòó."

Ibi tí o bá jókòó sí ni wàá wà títí yóò fi yé ọ. Bí a bá parí iṣẹ́ ilé kan, ó máa ń kó wa dúró sí ẹ̀bá títì, á ní kí a wo ilé náà láti òkèèrè, kí a sọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà kọjá nínú ògiri. Ẹni tó bá ṣì í sọ ni yóò ru àkàbà délé. Ẹ̀yìn ọrùn mi mọ àkàbà yẹn dáadáa. Títí di òní, mi ò lè kọjá níwájú ilé ẹnikẹ́ni kí n má máa ro ibi tí wáyà rẹ̀ gbà, ìyàwó mi a sì máa bi mí pé kí ni mò ń wò nílé onílé.

Láyé ìgbà náà, ara ògiri la máa ń kan wáyà mọ́. A ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri, a ó fi ìṣó kéékèèké há wáyà sórí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gún bí okùn tí wọ́n fà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe tán, àfi bí wọ́n ṣe ní ara ògiri kò dára mọ́, inú páìpù ni kí wáyà máa gbà, kí ògiri bò ó. Mo tún kọ́ ìyẹn. Bí mo ṣe ń sọ pé ó ti yé mi, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà sọ bí iná ṣe lágbára tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí rí: ẹ ó kàn máa sáré tẹ̀lé e, ẹ ò ní bá a.

Àjálù kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Télọ̀ kan wà lẹ́yìn ọjà Ìkìrun tó ń fi áyọ́ọ̀nù iná lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù náà kalẹ̀ sórí aṣọ, kò yọ ọ́, ó bá tiẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Iná padà dé nígbà tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo aṣọ Iléyá tí àwọn èèyàn kó fún un ló jó, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jó, òrùlé já wọlé. Ìgbà tí a débẹ̀, télọ̀ náà jókòó sẹ́bàá gọ́tà, okùn tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé inú egungun.

Àwa kọ́ la ṣe iṣẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Jímọ̀ọ́ ti ń lọ káàkiri gbogbo ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí, ní Ìkìrun, ní Inísà, títí dé Òkukù. Ó máa ń mú obìnrin ilé lọ síbi súwíìṣì àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, á ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sílẹ̀, kó tún gbé e sókè. Á wá ní, "Bí ẹ ò bá sí nílé, kí iná náà má sí nílé." Mi ò rí i kó sọ ohun kan tààrà fún èèyàn báyẹn rí. Àwa ọmọṣẹ́ náà gbà á, a sì sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tiwa nígbà tí a gba òmìnira.

Ó wá kù díẹ̀ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni aláàmù wọlé dé. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń kọ́lé sílé, ẹ̀rù olè sì ń bà wọ́n ju àwa tó ń gbé níbí lọ. Onímọ̀ kan wá láti Ìbàdàn láti kọ́ àwa oníṣẹ́ iná mélòó kan. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, a ń mi orí. Nígbà tó lọ tán, a wo ara wa lójú, a bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ ju ìdajì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe wá yé mi. Àpótí irin kan wà tí a ń gbé pamọ́ sínú yàrá. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ó sì ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Ohun tí onílé ń bá ṣe ni kíípáàdì, pátákó kékeré tó ní nọ́ńbà bíi ti fóònù, tí a kàn mọ́ ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ ó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín, iná pupa á tàn, ó ti ń ṣọ́lé nìyẹn. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í han. Iná gíríìnì ní kò séwu. Iná yẹ́lò ní nǹkan kan ń ṣe òun, kò sì ní sọ ohun tó jẹ́ àyàfi bí ẹ bá bi í. Ẹ ó tẹ ìràwọ̀, ẹ ó tẹ éjì, nọ́ńbà kan á sì tàn. Irú èyí tí mo ń lò, bí ọ̀kan bá tàn, ó ní kí ẹ wo ara òun, bátìrì ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí éjì bá tàn, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀jọ bá tàn, aago inú rẹ̀ ti sọnù, kò mọ àkókò tí a wà mọ́. Mo ní Ọ̀gá Jímọ̀ọ́ ti padà wáyé, ó wá lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí wà ní Òkukù, ilé Màmá Fọláṣadé. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òkú ọkọ wọn sì wà nínú sàréè níwájú ilé. Fọláṣadé ọmọ wọn wà ní Kánádà. Nígbà tí olè wọ ilé kan ládùúgbò, ọmọ náà ní kí n wá fi aláàmù sí ilé ìyá òun. Ó ra ínfátà mọ́ ọn, ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́ kí ilé má baà ṣókùnkùn bí iná ìjọba bá lọ. Mo fi káàdì fóònù sínú aláàmù náà, kí ó lè máa fi ìṣòro ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fọláṣadé. Ìṣòro nìkan ló sọ pé kí n jẹ́ kó máa fi ránṣẹ́, nítorí kò fẹ́ kí fóònù òun máa dún sí gbogbo nǹkan.

Kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí.

"Bàbá Ráfíù, ẹ̀rọ yìí ní iná ò sí."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ínfátà wà níbẹ̀."

"Ohun tó kọ sí mi nìyẹn. Sọ́ńdè ló burú jù. Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń ní iná lọ, á tún ní iná dé."

Sọ́ńdè kẹ̀? Mo dúró, mo ń wo fóònù. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ ọjọ́ ìsinmi? Mo gba Òkukù lọ. Màmá fún mi ní omi, mo yẹ kíípáàdì wò: iná gíríìnì. Mo yẹ ínfátà wò: ó dára. Mo tú àpótí irin náà, mo tò ó padà. Kò sí nǹkan kan. Mo padà sílé.

Nígbà mìíràn tí Màmá lọ kí àbúrò wọn ní Ìkìrun tí wọ́n sì sùn síbẹ̀, wàhálà náà tún le sí i. Fọláṣadé á ní ẹ̀rọ ní iná lọ, á ní bátìrì ń tán, lẹ́yìn náà kò ní sọ nǹkan kan mọ́. Bí mo bá sì débẹ̀ lẹ́yìn tí Màmá ti padà, iná yẹ́lò nìkan ni n óò bá. N óò tẹ ìràwọ̀, n óò tẹ éjì. Ẹ̀jọ. Aago ti sọnù. N óò tún aago tò, iná yẹ́lò á kú, ẹ̀rù á sì máa bà mí títí n óò fi délé, nítorí mo mọ̀ pé yóò tún tàn. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pe onímọ̀ Ìbàdàn, ó ní ó dà bí ẹni pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó dà bí ẹni pé! A pààrọ̀ ọpọlọ náà, iná yẹ́lò tún tàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ọjọ́ ogbó ti dé sí mi lórí.

Ibẹ̀ ni Fọláṣadé ti sọ̀rọ̀ tó dùn mí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lè máa sùn báyìí. Bí ẹ̀rọ yìí kò bá ṣeé gbọ́kàn lé kí oṣù yìí tó parí, mo ti bá bọ̀dá mi tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀. Wọ́n ti tún yàrá kan ṣe. Mọ́mì á máa lọ gbé lọ́dọ̀ wọn."

Mo sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n jókòó, wọ́n wo sàréè ọkọ wọn láti ojú fèrèsé.

"Èkó? Níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àgbà? Ráfíù, bí wọ́n bá mú mi lọ síbẹ̀, òkú mi ni wọ́n ó gbé padà. Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rọ yìí. Mo bẹ̀ ọ́."

Arúgbó tó ti kọ́ ìdajì ìlú níwèé ń bẹ̀ mí. Ojú tì mí, ọkàn mi sì wúwo. Mo ní bí Sọ́ńdè bá ni, n óò lọ bá Sọ́ńdè náà níbẹ̀.

Mo dé nígbà tí wọ́n ń wé gèlè láti lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Kíípáàdì: gíríìnì. Màmá mú Bíbélì, wọ́n tẹ nọ́ńbà wọn láìṣì í, iná pupa tàn, a jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé a ó máa lọ. Wọ́n ní, "Dúró ná," wọ́n yípo lọ sẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n na ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, wọ́n gbé súwíìṣì àgbà sílẹ̀. Wọ́n kọjá síbi ínfátà, wọ́n gbé tirẹ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n gbọn ọwọ́ nù bí ẹni tó ti ṣe ohun tó yẹ.

Mo di ògiri mú. Ẹ̀rín ni àbí ẹkún, mi ò mọ̀.

"Màmá, ṣé ohun tí ẹ máa ń ṣe nìyí bí ẹ bá ń jáde?"

"Kí ni kí n ṣe? Ọ̀gá ẹ Jímọ̀ọ́ ló kọ́ mi, níbi tí o dúró sí yìí. Bí mi ò bá sí nílé, kí iná má sí nílé. Bí mo bá dé ni mo máa ń gbé e sókè, kí n tó wọlé."

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí àìsàn náà rí. Bí mo bá dé, Màmá ti dé, iná náà ti dé. Wọ́n ń ní kí ẹ̀rọ ṣọ́lé, wọ́n sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ṣàlàyé, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má gbé e sílẹ̀ mọ́. Wọ́n wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tí kò ka ìwé rẹ̀.

"Ìwọ Ráfíù, bí o bá ń jáde nílé tìrẹ ní Inísà, ṣé o máa ń fi iná sílẹ̀?"

Mi ò lè purọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìn wọn.

"Mo máa ń gbé e sílẹ̀, mà. Mo gbé e sílẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Ohun tí o kò lè ṣe nílé ẹ lo fẹ́ kí n ṣe nílé mi."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọmọ ń bẹ̀rù olè, ìyá ń bẹ̀rù iná, àwọn méjèèjì ló sì tọ̀nà. Mo rò ó títí. Níkẹyìn, mo ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré kan, mo gbé e sórí òrùlé, mo fi wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláàmù, tí kò bá ti inú ilé pàdé rárá. Kí Màmá máa gbé gbogbo súwíìṣì sílẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lójú mi, wọ́n wọlé lọ wo kíípáàdì. Gíríìnì. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fi ayọ̀ ránṣẹ́ sí Fọláṣadé pé ó ti parí, kò ní rí wàhálà kankan mọ́.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo jẹun tán, mo nà sórí àga, fóònù dún.

"Bàbá Ráfíù, kí ló ṣe Mọ́mì mi?"

"Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan! Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Látàárọ̀, ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan, mo ń pe fóònù wọn, wọn ò gbé e."

"Ṣebí ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Bàbá, nígbà tó máa ń ní iná lọ, tó tún máa ń ní iná dé, mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ó dà bí ìgbà tí Mọ́mì ń húkọ́ nínú yàrá kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò wọ́n."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù, orí mi ń dàrú. Ilé wà ní títì. Mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo bá wọn lẹ́nu ìkórè, wọ́n ń ta iṣu ní gbàǹjo, Màmá sì wà láàárín ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, wọ́n ń jó, fóònù wọn wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Mo pe Fọláṣadé padà, mo na fóònù tèmi sí wọn.

"Ṣadé, kí ló dé? Ijó ni mò ń jó."

Ọmọ náà ń sunkún. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Màmá tẹ́tí, ojú wọn yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ìdí lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Mo rò pé ẹ̀rọ yẹn ni ò ń ṣọ́," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ̀ pé èmi ni."

Mi ò gbọ́ ohun tí ọmọ náà fèsì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti Màmá: "Èkó ńkọ́?... Ṣé òótọ́?... Ó dáa. Bí mo bá ń jáde, n óò pè ọ́. Bí mo bá dé, n óò pè ọ́. Mo gbọ́. Nu ojú ẹ."

Wọ́n dá fóònù mi padà fún mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá tiwọn nínú báàgì, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n ń wò ó. Ijó ti bẹ̀rẹ̀ padà, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ké sí wọn, wọn kò dìde.

"Ráfíù, òun ló máa ń pè mí. Láti ìgbà tó ti lọ, èmi ò pè é rí. Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?"

Mo jókòó tì wọ́n, mo fi ibi tí wọ́n ó kọ́kọ́ tẹ̀ hàn wọ́n.